Òkúta, Igi àti Onídùúró: Bí Wọ́n Ṣe Ń Kó Ohun Èlò Jọ fún Iṣẹ́ Odò àti Èbúté ní Amẹ́ríkà Láyé Àtijọ́

 

Nígbàkígbà tí àwa alábẹ̀wò bá lọ yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò, ohun mẹ́ta ni ó sábà máa ń dá ariwo sílẹ̀. Èkíní ni ọ̀rọ̀ onídùúró, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fọwọ́ sí ìwé láìbéèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Èkejì ni ohun èlò tí ẹgbẹ́ rà, tí kò sí ẹni tí ó wọ̀n ọ́n nígbà tí ó dé. Ẹ̀kẹta ni owó tí a san kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan wà tí a bẹ̀ wò nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé ìkó-kòkó-sí. Wọ́n ti san owó yanrìn ọkọ̀ mẹ́wàá àti òkúta ọkọ̀ mẹ́fà. A béèrè ẹni tí ó ka ọkọ̀ náà bí wọ́n ti ń dé. Akọ̀wé wo akápò, akápò wo alága, alága sì wo ilẹ̀. Kò sí olè nínú wọn. Ìwé ni kò sí.

Nítorí irú ọ̀rọ̀ báyìí ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn kan tí ó jìnnà sí wa lọ́nà, tí ó sì jìnnà sí wa lọ́dún. Ìtàn náà ni ti bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe wá òkúta, igi àti irin tí wọ́n fi tún odò àti èbúté wọn ṣe láti nǹkan bí 1820. Àwọn náà rí agbaṣẹ́ṣe tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tẹ́nìkan lọ́rùn, wọ́n rí owó tí kò dé lásìkò, wọ́n sì rí àwọn ènìyàn tí ó fi ilé ara wọn dúró fún gbèsè ìlú. Ohun tí wọ́n fi ojú rí kò yàtọ̀ púpọ̀ sí tiwa.

Ìdí tí iṣẹ́ náà fi bẹ̀rẹ̀

Ní àkókò náà, ọkọ̀ ojú irin kò tíì sí ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà ilẹ̀ kò sì dára. Odò ni ọ̀nà. Àgbẹ̀ tí ó wà ní etí odò Ohio ń kó ìyẹ̀fun àti ẹran oníyọ̀ sínú ọkọ̀, yóò sì bá omi lọ wọ odò Mississippi títí dé New Orleans. Ṣùgbọ́n odò náà kò mọ́. Igi ńlá máa ń wó láti bèbè, gbòǹgbò rẹ̀ a rì sínú ẹrẹ̀, orí rẹ̀ a sì dúró ṣóńṣó lábẹ́ omi. Ọkọ̀ tí ó bá forí sọ ọ́ ti bàjẹ́ nìyẹn, ẹrù ọdún kan sì ti bómi lọ.

Ní ìhà àríwá, níbi tí àwọn adágún ńláńlá wà, ìyọnu tiwọn ni yanrìn. Ìgbì a máa kó yanrìn dí ẹnu odò kéékèèké tí ó ń ṣàn wọ inú adágún, ọkọ̀ ńlá kò sì ní lè wọlé. Yóò dúró lójú agbami, wọn yóò máa fi ọkọ̀ kékeré já ẹrù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ìjì bá dé ní àkókò yìí, kò sí ibi tí ọkọ̀ lè sá sí.

Ní oṣù kẹta 1824, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ Gibbons àti Ogden pé agbára lórí òwò láàrin ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ tí òfin fún ìjọba àpapọ̀ kan ìrìnnà ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù karùn-ún ọdún kan náà, Ilé Aṣòfin wọn ya 75,000 dọ́là sọ́tọ̀ láti yọ igi kúrò nínú Mississippi àti láti mú òkìtì yanrìn kúrò nínú Ohio. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, wọ́n ya 20,000 dọ́là sọ́tọ̀ fún èbúté Presque Isle ní ìlú Erie, ní Pennsylvania. Wọ́n fi iṣẹ́ náà lé àwọn ẹnjiníà ológun lọ́wọ́, nítorí pé ẹnjiníà kò pọ̀ ní orílẹ̀-èdè náà nígbà náà, àti pé ilé-ẹ̀kọ́ ológun ní West Point ni ó ti ń kọ́ wọn.

Àwọn ará Buffalo kò dúró de ìjọba

Ṣùgbọ́n kí ìjọba àpapọ̀ tó nawọ́ rárá ni ìlú kan ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Buffalo ni orúkọ ìlú náà, ní ìpínlẹ̀ New York, létí adágún Erie. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti dáná sun ún ní ìparí ọdún 1813, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé padà ni. Ní 1820 wọn kò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn lọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ ń gbẹ́ odò Erie Canal bọ̀ láti odò Hudson, ìlú tí ó bá ní èbúté tí ó dára ni odò náà yóò sì parí sí. Black Rock, ìlú kejì tí kò jìnnà, ń bá Buffalo du ipò yìí.

Àwọn ará Buffalo tọrọ ẹ̀yáwó 12,000 dọ́là lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Ìjọba gbà, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n fi ohun ìní tí ó tó ìlọ́po méjì owó náà dúró. Bí èbúté náà bá dára, ìjọba lè gbà á, kí ó sì fagi lé gbèsè. Bí kò bá dára, àwọn tí ó fọwọ́ síwèé ni yóò san án. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ojú rẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn tí ó ti kọ́kọ́ ń pariwo sá padà. Ọdún náà le, owó wọ́n, ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ lórí eérú kò rọrùn láti fi dúró. Ẹni mẹ́rin ló kù: Charles Townsend, George Coit, Oliver Forward àti Samuel Wilkeson. Àwọn ni wọ́n fi ilé àti ilẹ̀ wọn dúró.

Wọ́n kọ́kọ́ gba ẹnìkan tí ó ní òun mọ iṣẹ́ èbúté. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí wọ́n fi rí i pé ọwọ́ ìnáwó rẹ̀ yóò jẹ owó náà tán kí iṣẹ́ tó dé ìdajì. Wọ́n dá a dúró, wọ́n sì bẹ Wilkeson pé kí ó fi òwò tirẹ̀ sílẹ̀ kí ó wá bojú tó iṣẹ́. Oníṣòwò ni Wilkeson, kì í ṣe ẹnjiníà, kò sì kọ́ èbúté rí. Ṣùgbọ́n ilé tirẹ̀ wà lára ohun tí ó wà nínú ewu, nítorí náà kò sí ìṣó kan tí a rà tí kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ wo bí ó ti ṣe é. Ó fi dọ́là méjì lé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, lórí àdéhùn pé wọn yóò ṣiṣẹ́ nínú òjò àti nínú oòrùn. Nígbà tí ó nílò òòlù ńlá tí yóò fi gbá òpó mọ́lẹ̀, kò kọ̀wé ra tuntun. Ó wá ìbọn àgbá àtijọ́ kan tí ogun fi sílẹ̀, tí ìwúwo rẹ̀ tó nǹkan bí 2,000 pọ́n-ùn, ó sì sọ ọ́ di òòlù. Nígbà tí ìjì kọ lu àpótí igi tí wọ́n kọ́kọ́ rì sínú omi, wọ́n kíyè sí i pé èyí tí ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́ kó jọ sí lára kò ṣí kúrò nípò, nítorí pé yanrìn ti dì mọ́ àwọn ẹ̀ka náà. Láti ọjọ́ náà, wọ́n fi ẹ̀ka igi kún ohun èlò tí wọ́n ń rà. Láàrin ọjọ́ iṣẹ́ 221, ògiri wọn ti jáde sínú adágún ní nǹkan bí 1,320 ẹsẹ̀ bàtà, ó sì ti dé ibi tí omi jìn tó 12 ẹsẹ̀ bàtà.

Ìdánwò kò tán síbẹ̀. Ní ìparí 1821, ọkọ̀ eléèéfín kan ṣoṣo tí ó ń ná adágún Erie fọ́ nínú ìjì. Àwọn tí ó fẹ́ kan ọkọ̀ tuntun ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá kàn án ní Buffalo kò ní lè jáde. Àwọn ará Buffalo fọwọ́ síwèé pé bí ọ̀nà kò bá là ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 1822, àwọn yóò máa san 150 dọ́là ní ojoojúmọ́ tí ọkọ̀ náà bá fi dúró. Ni ìkún omi bá dé, ó sì gbá yanrìn dí ọ̀nà! Wọ́n gbé igbá ìdáwó kiri ìlú. Ó lé ní 1,300 dọ́là tí ìlú dá, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ ni owó. Ìyókù jẹ́ ọjà àti oúnjẹ tí wọ́n fi san owó òṣìṣẹ́. Wọ́n gbẹ́ ọ̀nà náà, ọkọ̀ náà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Superior sì jáde. Buffalo ni odò Erie Canal parí sí nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1825. Ní 1826, ìjọba àpapọ̀ ya 15,000 dọ́là sọ́tọ̀ fún èbúté náà, ìjọba ìpínlẹ̀ sì fagi lé ìdúró àwọn ọkùnrin mẹ́rin náà.

Ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ògiri inú omi

Àpótí ìtì igi ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ àwọn adágún. Wọn yóò gbẹ́ ìtì igi ní ìgbẹ́ onígun mẹ́rin, wọn yóò to ọ̀kan lórí èkejì bí ẹni ń kọ́ ilé aláìlórùlé, wọn yóò sì fi ọ̀pá irin gún wọn mọ́ra. Wọn yóò fi omi gbé e dé ibi tí wọ́n fẹ́, wọn yóò da òkúta sínú rẹ̀ títí yóò fi rì tí yóò sì jókòó. Òkúta ni ó ń fún un ní ìwúwo. Igi ni ó ń kó òkúta náà jọ. Bí a bá to irú àpótí bẹ́ẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, ògiri nìyẹn. Bí ògiri méjì bá jáde láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnu odò, omi odò yóò gba àárín wọn kọjá pẹ̀lú agbára, yóò sì máa fúnra rẹ̀ gbá yanrìn lọ.

Igi tí ó wà lábẹ́ omi tí kò ní iyọ̀ kì í tètè jẹrà, nítorí pé afẹ́fẹ́ kò kàn án. Èyí tí ó yọ sókè omi ni ó ń jẹrà, wọ́n sì ní láti máa pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú omi òkun, kòkòrò kan wà tí ó ń gbẹ́ igi bí ìgbà tí ikán wọ ilé. Ìdí rẹ̀ nìyí tí iṣẹ́ etí òkun fi gba òkúta ju igi lọ. Ẹni tí ó ń ra ohun èlò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí yóò lò ó. Ohun tí ó dára ní Erie lè di ìgbẹ́ kòkòrò ní etí Àtìláńtíìkì.

Ta ni ó ń ta ohun èlò wọ̀nyí? Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àgbẹ̀ etí adágún. Nígbà òtútù, tí ilẹ̀ dì tí iṣẹ́ oko kò sí, wọn a lọ gé igi, wọn a sì wọ́ ọ lórí yìnyín dé etí omi, nítorí pé ó rọrùn láti wọ́ ìtì igi lórí yìnyín ju lórí ẹrẹ̀ lọ. Bí yìnyín bá yọ́, ohun èlò ti wà nílẹ̀. Owó tí wọ́n rí níbẹ̀ ni wọ́n fi ń ra irúgbìn àti iyọ̀.

Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n

Níbi tí a ti ń rà tí a sì ń tà, òṣùwọ̀n ni onídàájọ́. Ẹni tí ó ń ta kòkó mọ èyí dáadáa. Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe ń wọn òkúta? Àwọn kan ń rà á ní tọ́ọ̀nù, èyí tí í ṣe 2,240 pọ́n-ùn. Àwọn kan ń rà á ní cord, èyí tí í ṣe òkìtì tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, tí ó fẹ̀ ní 4, tí ó sì ga ní 4, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 128. Àwọn oníṣẹ́ ògiri ní perch tiwọn, tí kò pé 25. Bí ìwé àdéhùn kò bá sọ èyí tí a ń lò, ìjà dé nìyẹn.

Òkìtì pàápàá lè tan ènìyàn jẹ. Bí a bá da òkúta fífọ́ sílẹ̀, àlàfo tí afẹ́fẹ́ wà láàrin rẹ̀ lè tó ìdá kan nínú mẹ́ta òkìtì náà, tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá tò ó dáadáa yóò rí òkìtì kékeré. Ẹni tí ó bá dà á wúruwùru yóò rí òkìtì ńlá, òkúta kan náà sì ni.

Ọ̀nà kan wà láti mọ ìwúwo ẹrù inú ọkọ̀ omi láìgbé e sórí òṣùwọ̀n. Bí ọkọ̀ bá ṣe wúwo tó ni ó ń rì tó, omi tí ó sì tì kúrò nípò wúwo gan-an bí ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀. Nítorí náà, a ó wo ibi tí omi dé lára ọkọ̀ nígbà tí ó ṣófo, a ó sì tún wò ó nígbà tí ó kún. Lórí odò Erie Canal, wọ́n kọ́ ilé ìwọn-ọkọ̀ sí ojú odò láti mọ owó orí tí ọkọ̀ yóò san. Èyí tí wọ́n kọ́ ní Syracuse ní 1850 ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, ó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ṣùgbọ́n alábẹ̀wò tí ó gbọ́n yóò kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀ bóyá omi wà níbẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò bá wò ó lè ra omi ní owó òkúta.

Òkè òkúta tí wọ́n kọ́ sínú òkun

Iṣẹ́ tí ó gba òkúta jù lọ láyé ìgbà náà ni ti ẹnu òsà Delaware. Ọkọ̀ tí ó ń lọ sí Philadelphia tàbí tí ó ń bọ̀ kò ní ibi tí ó lè sá sí nígbà ìjì àti nígbà tí yìnyín ńlá bá ń ṣàn bọ̀. Ní 1828, Ilé Aṣòfin ya 250,000 dọ́là sọ́tọ̀ láti kọ́ ògiri ìdènà ìgbì síbẹ̀. William Strickland, ayàwòrán-ilé tí ó kọ́ ilé báńkì ńlá ní Philadelphia, ni wọ́n fi ṣe ẹnjiníà iṣẹ́ náà.

Kì í ṣe pé wọ́n ń mọ ògiri yìí bí a ti ń mọ ilé. Ńṣe ni ọkọ̀ ń kó òkúta wá láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ ọ, wọn yóò dà á sínú òkun ní ibi tí a fi àmì sí, títí òkìtì náà yóò fi yọ sókè omi. Ìgbì òkun fi hàn wọ́n láìpẹ́ pé òkúta kékeré kò lè dúró lókè; ó ń yí i kiri bí ẹni ń ta ayò. Nítorí náà, wọ́n fi èyí tí ó kéré sí inú, wọ́n sì béèrè fún èyí tí ó wúwo ní tọ́ọ̀nù púpọ̀ fún òde àti òkè. Bí ìtóbi òkúta ṣe yí padà, owó rẹ̀ yí padà, nítorí pé òkúta ńlá gba ẹ̀rọ ìgbẹ́rù àti ọkọ̀ tí ó lágbára. Ọdún 1869 ni iṣẹ́ náà tó parí. Ó gbà ju ogójì ọdún lọ láti ìgbà tí òfin ti jáde, ó sì ná ìjọba ju mílíọ̀nù méjì dọ́là lọ.

Agbaṣẹ́ṣe tàbí òṣìṣẹ́ tiwa?

Àwọn ẹnjiníà ní ọ̀nà méjì láti ṣiṣẹ́. Wọ́n lè gbé gbogbo rẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe, tàbí kí wọ́n ra ohun èlò kí wọ́n sì gba òṣìṣẹ́ fúnra wọn. Ìjà lórí èyí tí ó dára jù kò tán bọ̀rọ̀.

Ní 1824, ìjọba ṣe ìlérí 1,000 dọ́là fún ẹni tí ó bá mú ẹ̀rọ tí ó dára jù lọ wá fún yíyọ igi inú odò. John Bruce, ará Kentucky, ni ó gba ẹ̀bùn náà, ó sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò tẹ́ ìjọba lọ́rùn. Ẹ̀sùn dé pé igi tí ó yọrí ni ó ń gé, ó sì ń fi kùkùté sílẹ̀ lábẹ́ omi. Ẹ̀yin náà rò ó wò: nígbà tí omi bá kún, ta ni yóò mọ ohun tí a fi sílẹ̀ nísàlẹ̀ bí kò ṣe ọkọ̀ tí ó forí sọ ọ́?

Ní ìparí 1826, ìjọba fi Henry Shreve, ọ̀gá awakọ̀ omi, ṣe alábòójútó. Òun gba òṣìṣẹ́ tirẹ̀, ó sì kan ọkọ̀ Heliopolis tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1829. Ọkọ̀ méjì tí a so pọ̀ ni, pẹ̀lú igi ńlá tí a fi irin bò láàrin wọn, tí wọ́n fi ń kàn lu igi inú omi títí yóò fi ṣẹ́ tàbí kí ó fà tu. Láti 1833 sí 1838, ó tú òkìtì igi tí ó ti dí odò Red River fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ máìlì láti ìrandíran. Ìlú Shreveport ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Iṣẹ́ kékeré tí a ṣọ́ dáadáa lè kọ́ni ju iṣẹ́ ńlá lọ. Ní Henderson, ní Kentucky, Stephen Long gbìyànjú láti fún omi Ohio mọ́ra kí ó lè fúnra rẹ̀ gbẹ́ yanrìn. Ó gbá nǹkan bí 1,400 òpó mọ́lẹ̀ ní ìlà méjì, ó sì fi ẹ̀ka igi kún àárín wọn. Owó rẹ̀ kò fi púpọ̀ ju 3,000 dọ́là lọ. Kí ó tó yan èyí tí ó dúró, ó ti gbìyànjú oríṣiríṣi gígùn àti gíga. Ó dán an wò ní kékeré kí ó tó náwó ńlá.

Ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìjọba ni ẹrú ṣe. Níbi tí wọ́n ti kọ́ ilé ìtún-ọkọ̀-ṣe olókùúta ní Gosport, ní Virginia, láti 1827 sí 1834, wọ́n háyà àwọn ọmọ adúláwọ̀ tí ó wà lóko ẹrú láti gbé òkúta àti láti gbẹ́ ẹ. Olówó ẹrú ni ó ń gba owó iṣẹ́ wọn. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń ka iye tí ilé àtijọ́ náà ná wọn, kí a rántí pé àwọn kan wà tí wọ́n ṣiṣẹ́ tí orúkọ wọn wà nínú ìwé owó, ṣùgbọ́n tí owó náà kò dé ọwọ́ wọn.

Owó tí kò dé lásìkò

A ti sọ pé ìgbà òtútù ni àgbẹ̀ ń gé igi. Ẹ wá wo ọjọ́ tí Ilé Aṣòfin ń fọwọ́ sí owó: ti 1832 jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù keje, ti 1836 jẹ́ ọjọ́ kejì oṣù keje, ti 1838 jẹ́ ọjọ́ keje oṣù keje. Nígbà tí owó yóò fi dé ọwọ́ ẹnjiníà, ìgbà gígé igi ti kọjá, ìgbà ìjì sì kù díẹ̀ kí ó dé. Ẹni tí ó bá ra nǹkan ní àsìkò tí kì í ṣe tirẹ̀ yóò rà á lọ́wọ́n.

Lẹ́yìn 1838, owó dáwọ́ dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ògiri tí kò tíì parí wà lójú ìgbì, igi òkè omi ń jẹrà, ẹ̀rọ ń dógùn-ún. Ní 1846, Ààrẹ James Polk kọ̀ láti fọwọ́ sí òfin tí ì bá tún mú owó wá. Ní oṣù keje 1847, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn péjọ ní Chicago láti fi ẹ̀hónú hàn. Abraham Lincoln wà lára wọn. Síbẹ̀, Ààrẹ Franklin Pierce tún kọ irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 1854. Ilé tí a kọ́ dé ìdajì tí a sì fi sílẹ̀ kì í dúró sí ìdajì. Ẹ̀yìn ni ó ń rìn.

Ìwé owó pẹ̀lú mú ẹni ńlá. Ní oṣù kejìlá 1838, Ààrẹ Martin Van Buren yọ Charles Gratiot, olórí àwọn ẹnjiníà ológun, kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí àríyànjiyàn lórí owó ìjọba tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gratiot ní owó náà tọ́ sí òun fún iṣẹ́ àfikún; ìjọba ní kò tọ́. Ọdún mẹ́wàá ni ó ti jẹ́ olórí. Bí a bá ti kọ ohun tí ó tọ́ sí i sílẹ̀ kedere láti ìbẹ̀rẹ̀, bóyá ọ̀rọ̀ náà kì bá tí dà bẹ́ẹ̀. Ní 1861, òfin pàṣẹ pé kí a máa kéde ní gbangba kí a tó ra ohun èlò tàbí kí a tó gbé iṣẹ́ jáde fún ìjọba.

Kò sí ìjìnlẹ̀ omi, kò sí owó

Ìtàn tí a ó fi parí rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ẹnu odò Mississippi. Ẹrẹ̀ ti dí ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ ńlá ń dúró fún ọjọ́ púpọ̀. Ní 1875, James Eads bá ìjọba dá májẹ̀mú pé òun yóò jẹ́ kí omi ibẹ̀ jìn tó 30 ẹsẹ̀ bàtà, owó rẹ̀ yóò sì jẹ́ 5,250,000 dọ́là. Ṣùgbọ́n kò ní gba kọ́bọ̀ títí ìjìnlẹ̀ omi yóò fi dé 20 ẹsẹ̀ bàtà. Nígbà náà ni yóò gba 500,000 àkọ́kọ́. Owó tirẹ̀ àti ti àwọn tí ó gbà á gbọ́ ni ó kọ́kọ́ ná.

Igi willow tí ó hù ní bèbè odò ni ó lò jù. Wọ́n fi ọ̀pá rẹ̀ hun ẹní ńláńlá, wọ́n to òkúta lé e lórí, wọ́n sì rì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó tí wọ́n ti gbá mọ́lẹ̀. Ẹrẹ̀ odò fúnra rẹ̀ ni ó dí àlàfo inú ẹní náà. Ní 1876 ó dé 20 ẹsẹ̀ bàtà. Ní oṣù keje 1879 ó dé 30. Ohun tí ó wù wá jù níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó ń wọn ìjìnlẹ̀ omi kì í ṣe ẹni tí ó ń gba owó.

Ohun tí ó kàn wá

Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣe lẹ́nu òsà Èkó. Àwọn àgbà rántí ìtàn ìgbà tí ọkọ̀ ńlá kò lè wọlé, tí wọ́n sì ń gba Forcados kó ẹrù. Ní 1908, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti ògiri òkúta wọ inú òkun. Òkúta Aro ní Abẹ́òkúta ni ọkọ̀ ojú irin ń kó wá fún un. Òkúta tiwa wà nínú omi yẹn, ó sì ń ṣiṣẹ́ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ohun díẹ̀ lọ sílé. Kí ìwé àdéhùn sọ irú ohun èlò, ìtóbi rẹ̀ àti òṣùwọ̀n tí a ó lò. Kí ẹni méjì máa kà á bí ó ti ń dé, kí wọ́n sì fọwọ́ síwèé ní ọjọ́ náà gan-an. Kí a ra nǹkan ní àsìkò rẹ̀, kí ìgbìmọ̀ má ṣe fi ìpàdé owó sí ìgbà tí ọjà ti wọ́n. Kí a máa san owó bí iṣẹ́ bá ti ń parí ní ìpele ìpele, kí ẹni tí ó ń wọ̀n má sì jẹ́ ẹni tí ó ń gbowó. Kí a má bẹ̀rẹ̀ ohun tí a kò ní agbára láti parí.

Ní ti onídùúró, a kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró fún ẹlòmíràn mọ́. Bí àwọn mẹ́rin ti Buffalo bá ti kọ̀, bóyá Black Rock ni à bá máa dárúkọ lónìí. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí wọ́n fọwọ́ sí. Wọ́n mọ iye rẹ̀, wọ́n sì mọ pé ilé àwọn ni yóò lọ bí iṣẹ́ bá bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí i tán, wọn kò lọ sùn sílé: ọ̀kan nínú wọn pa òwò rẹ̀ tì, ó lọ dúró nínú òjò, ó ń ka ìtì igi. Ìdúró tí ó ní ìṣọ́ nínú nìyẹn. Ẹni tí ó bá fẹ́ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀yáwó ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí ó kọ́kọ́ ní kí akọ̀wé kà á sí òun létí. Akọ̀wé tí ó bá sì ń kánjú, kí ẹ sọ fún un pé àwa ni a ní kí ó kà á.